Kí Alásè Tó Gbé Ìkòkò Kaná

 Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí oúnjẹ tí a ń sè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ìkòkò kan: ti ọmọ ilé ìwé, ti aláìsàn, ti òṣìṣẹ́ ebútè.

Wárì tí a wà yìí ní oúnjẹ tirẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ omi gbágùúdá ni àwọn Ìṣẹ̀kírì àti Úróbò ń fi epo pupa díẹ̀ rò, tí a ń pè ní sítáàṣì. Ọbẹ̀ ẹyìn, èyíinì ni bánga, ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi àmàlà àti ewédú tọ́ lè wò ó títí kí ó má fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Úróbò lè ṣe bí a bá gbé àmàlà dúdú síwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Oúnjẹ tí a gbé padà sí ilé ìdáná kò ṣe ara lóore. Aláìsàn tí kò jẹun kì í tètè gbádùn. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè fetí sí olùkọ́.

Ní 2016, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún kíláàsì kìíní dé ìkẹta ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, náírà 70 fún ọmọ kan lóòjọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ni ó ń sè é, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń yan ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń jẹ. Wọ́n dá ètò náà dúró ní oṣù kìíní 2024, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kú.

Kí ẹni tí ń to oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Kí ó máa wo ohun tí ó ṣẹ́kù nínú àwo. Kí ó fi òkèlè méjì sí ọbẹ̀ kan: gbágùúdá kan náà ni ó bí ẹ̀bà àti sítáàṣì. Ohun tí àìsàn tàbí ẹ̀sìn kọ̀ fún ènìyàn, kí ó má ṣe kà á sí àṣejù.

Ẹ̀yin òbí, kí ọmọ tó lọ gbé ní ilé ìwé, ẹ kọ́ ọ ní sítáàṣì nílé, kí ẹ sì sọ ohun tí kò bá a lára mu fún olùkọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ wa pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a rántí àna wa tí kì í ṣe Yorùbá. Ẹni tí a bi léèrè kí a tó sè, òun ni a ṣe lálejò.