Kí Ọwọ́ Kọ́kọ́ Mọ̀nà: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Di Ayàwòrán Lóde Òní

Nínú ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Bàbáńlá títí dé Ọ̀mù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, a lè rí ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ṣófo. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ojú olùkọ́ ni òun yóò máa yà. Bí ó bá dé ilé, káàtúùnù tí ó wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni yóò máa yà. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti yan iṣẹ́, ọmọ náà yóò wí pé àwòrán ni òun fẹ́ kọ́: àwòrán tí ń rìn àti àwòrán inú ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àríyànjiyàn láàárín òun àti àwọn òbí rẹ̀.

Àwọn òbí kan yóò ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, wọn yóò sì fi ipá darí ọmọ náà sí ibòmíràn. Àwọn mìíràn, nítorí ìfẹ́, yóò ta ohun tí wọ́n ní láti ra kọ̀ǹpútà olówó ńlá fún un, kí ó tó mọ bí a ti í ya ọwọ́ ènìyàn. Ire ọmọ ni àwọn méjèèjì ń wá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì béèrè ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: báwo ni ìmọ̀ iṣẹ́ yìí ṣe ń dàgbà nínú ẹni tí ń kọ́ ọ? Ìdáhùn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ owó ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Ní kúkúrú, ojú àti ọwọ́ ni a ń kọ́kọ́ kọ́. Ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé wọn ni.

Iṣẹ́ méjì, gbòǹgbò kan

Àwòrán inú ìwé ni èyí tí ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Ògbójú Ọdẹ ti D. O. Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì jáde ní ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya ni ó ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìtàn ní àkàyé, kí ó yan ìgbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ó sì pinnu ibi tí olúkúlùkù yóò dúró sí àti ohun tí ojú rẹ̀ yóò sọ.

Ní ti àwòrán tí ń rìn, kò sí èyí tí ń rìn ní tòótọ́ nínú wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni, tí ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì, tí wọ́n ń kọjá kíákíá níwájú wa tí ojú fi ń so wọ́n pọ̀. Nínú fíìmù, àwòrán 24 ní ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ayàwòrán sábà máa ń lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà wọn yóò ya 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe 720 fún ìṣẹ́jú kan péré. Kí òbí tí ń pe iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ ọ̀lẹ tún iye náà kà.

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin tí ń gúnyán ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ ya àwọn àwòrán tí ó jẹ́ òpó iṣẹ́ náà: ọmọ odó lókè, àti ọmọ odó nínú odó. Lẹ́yìn náà ni yóò ya àwọn tí ó wà láàárín. Bí ó bá fi àlàfo tí ó dọ́gba sí àárín gbogbo wọn, ọmọ odó náà yóò dà bí ìyẹ́ adìyẹ tí ń já bọ́. Kò ní ní ìwúwo kankan. Lókè, níbi tí ọwọ́ ti ń yí padà, àwọn àwòrán gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn. Bí ọmọ odó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, àlàfo gbọ́dọ̀ máa fẹ̀ sí i, nítorí pé eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Orúnkún obìnrin náà yóò tẹ̀ díẹ̀, iyán yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ọmọ odó, etí gèlè rẹ̀ yóò sì máa mì lẹ́yìn tí orí ti dúró. Frank Thomas àti Ollie Johnston, àwọn àgbà ayàwòrán ilé iṣẹ́ Disney ní Amẹ́ríkà, to irú ìlànà báyìí 12 lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1981. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti fara balẹ̀ wo ìyá rẹ̀ nídìí odó ti rí púpọ̀ nínú wọn kí ó tó ṣí ìwé kankan.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò jìnnà

Ní Ẹ̀sìẹ́, ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1933, H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, fi ìròyìn wọn tó àwọn ará ìta létí. Ní ọdún 1945 a sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin àti obìnrin ni àwọn ère náà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, irun wọn ni a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn kan kọ ilà, àwọn kan sì mú àdá lọ́wọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú bébà àti pẹ́ńsùlù lọ síbẹ̀, tí ó sì ya ère mẹ́wàá láìkánjú, yóò rí i pé irun, gígùn ọrùn àti bí a ti gbé èjìká ni a fi ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Iṣẹ́ ẹni tí ń dá ẹ̀dá inú káàtúùnù sílẹ̀ nìyẹn gan-an: kí ọmọdé lè dá olúkúlùkù mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òjìji rẹ̀ nìkan ni ó rí.

Onígbàgbọ́ kan lè béèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ máa jókòó ti ère. Yíya nǹkan kì í ṣe bíbọ ọ́. Ìwé Ẹ́kísódù kan náà tí ó ka ère bíbọ léèwọ̀ ni ó sọ fún wa nípa Bésálẹ́lì, ẹni tí a fi ọgbọ́n kún láti fi wúrà, fàdákà, idẹ àti igi ṣe iṣẹ́ ọnà. Ohun tí a fi iṣẹ́ náà ṣe ni ó yẹ kí a bojú tó, kì í ṣe ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́.

Ẹni tí ó padà di ọmọ iṣẹ́

Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, jẹ́ ẹlẹ́rìí fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí, ó sì ti ń gbẹ́gi láti ìgbà èwe. Síbẹ̀, nígbà tí ó rí iṣẹ́ Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sí, ó mọ̀ pé ó kù síbì kan fún òun. Láti ọdún 1949, ó di ọmọ iṣẹ́ Bándélé fún ọdún mẹ́ta ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Àlùfáà Kevin Carroll ti ìjọ Kátólíìkì ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ó gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára igi fún ilé ìjọsìn. Nígbà tí ó yá, ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, àjọ UNESCO sì bọlá fún un ní ọdún 2006, kí ó tó kú ní ọdún 2009. Bí ẹni tí a bí sínú iṣẹ́ bá lè padà sẹ́sẹ̀ ọ̀gá láti tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ta ni ọmọ òde òní tí yóò wí pé òun kò nílò ọ̀gá?

Láti orí bébà dé ojú ayé

Iṣẹ́ àwòrán tí ń rìn kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1966, Moustapha Alassane ti orílẹ̀-èdè Niger, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, fi àwòrán àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ṣe fíìmù kúkúrú nípa ààrẹ kan tí ó rìnrìn àjò.

Ní àìpẹ́ yìí, ilé iṣẹ́ Kugali, tí ó ti ń tẹ ìwé ìtàn alááwòrán tẹ́lẹ̀, bá Disney ṣe Iwájú, eré tí ó dá lórí ìlú Èkó, tí ó jáde ní ọdún 2024. Ìtàn Iyanu ti Roye Okupe, tí ó jẹ mọ́ àṣà Yorùbá, jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé alááwòrán ní ọdún 2021 pẹ̀lú àwòrán Godwin Akpan. Ní ọdún 2025 ni ó di eré lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kíyè sí i pé àwòrán tí ó dúró ni ó ṣáájú èyí tí ń rìn nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ

Àwọn àgbà wí pé ogbó Ọ̀ràngún ni ó mọ̀nà, ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ogbó òde òní ni kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí ó bá gbówó lórí gan-an. Blender àti Krita, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán, jẹ́ ọ̀fẹ́. Blender ni Gints Zilbalodis ti ilẹ̀ Latvia fi ṣe fíìmù Flow, tí ó gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2025. Kí ọmọ tó dé ibẹ̀ pàápàá, fóònù lásán lè ya fọ́tò àwọn àwòrán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò wọ́n pọ̀ di èyí tí ń rìn.

Àwọn kan tún ń wí pé ẹ̀rọ ti ń ya àwòrán fúnra rẹ̀ báyìí, kí ni ọmọ ń kọ́ sí? Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ ń yà á, ó sì ti gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí orúnkún ti ń tẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kò yẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ni yóò lè rán ẹ̀rọ níṣẹ́, tí yóò sì tún un ṣe nígbà tí ó bá ṣìnà.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra bébà kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ máa ya ohun alààyè lójoojúmọ́: adìyẹ lágbàlá, ìyá àgbà tí ń ṣa ẹ̀wà, àwọn ènìyàn lọ́jà. Kí ó kọ déètì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ fi ti àkọ́kọ́ wé ti ìkẹyìn. Ẹ ó rí i fúnra yín bóyá iná ń jó nínú rẹ̀ tàbí eré lásán ni. Kí ó ṣe iṣẹ́ ọnà ní ìdánwò àṣekágbá, kí ó má sì pa èdè àti ìtàn tì, nítorí pé ayàwòrán tí kò mọ ìtàn kò ní ohun tí yóò yà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, iṣẹ́ ọnà wà ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Zaria, ní Yaba College of Technology ní Èkó, àti ní Auchi Polytechnic.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwòrán tí à ń fi kọ́ àwọn ọmọ wa máa ń ti òkèèrè wá, tí ilé àti aṣọ inú rẹ̀ kò jọ tiwa. Ẹ fi ìtàn kan lé ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ nínú ìjọ lọ́wọ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó gbà á, ẹ sọ ohun tí kò tọ́ nínú rẹ̀ fún un, kí ẹ sì san owó tí agbára yín ká. Iṣẹ́ tí ó ní ọjọ́, tí ó ní àtúnṣe, tí ó sì ní owó iṣẹ́ nídìí ni ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di oníṣẹ́.