Ọsàn Wo Ni Nọ́ọ̀sì Ń Wí?

Ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin baba tí ẹ máa ń ra èso bọ̀ láti ọjà, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí kò sí ilé tí a kì í ti í dárúkọ rẹ̀: ọsàn. Bí ohùn ìparí ọ̀rọ̀ yìí bá gòkè, ó ti di okùn ara ọrun. Bí ti ìbẹ̀rẹ̀ bá tún lọ sílẹ̀, ó di ìgbà tí oòrùn ń mú, tí a ń kí ara wa pé ẹ káàsán. Ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé kì í ṣì wọ́n pè. Ibi tí ìṣòro wà ni pé èso tí ń jẹ́ ọsàn kì í ṣe ẹyọ kan.

Àgbálùmọ̀, tí ó jẹ́ igi ilẹ̀ wa, ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pè ní ọsàn àgbálùmọ̀. Èyí tí ó ti ilẹ̀ Éṣíà ṣẹ̀ wá ni ọsàn mímu, tí àwọn mìíràn ń pè ní òroǹbó. Kékeré tí ó kan ni ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí ọsàn gàn-ín-gàn-ín. Ńlá tí ó korò díẹ̀ ni gírépù. Ẹ kíyè sí i pé ìṣe wa ni ó sọ ọsàn mímu lórúkọ: a bó o, a gé orí rẹ̀, a fún omi rẹ̀ sẹ́nu. Òun náà ni àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọsàn tí ó bá dùn ní í kó póńpó bá ìyá rẹ̀, bí ọmọ rere bá mú kí ayé máa yọ òbí lẹ́nu. (Èyí tí póńpó bá fọ́, ẹ má rà á, ìdọ̀tí ti ráyè wọlé.)

Pípa orúkọ èso pọ̀ lè mú ewu dání. Ní ọdún 1747, James Lind, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn atukọ̀ tí èrìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí agbára wọn sì ń tán, ní ọsàn mímu àti lẹ́mọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ tí ara wọn fi mókun. Nígbà tí ó yá, omi lẹ́mọ́ọ̀nù di ohun tí a ń pín nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe òun àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ rọ́pò lẹ́mọ́ọ̀nù, wọn kò fura pé agbára rẹ̀ kéré. Àwọn tí wọ́n rìnrìn àjò lọ sí àríwá ayé, níbi tí yìnyín bò, ní ọdún 1875 sí 1876 gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ dání, àìsàn náà sì tún dá wọn gúnlẹ̀.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aboyún máa mu ọsàn, ọsàn mímu ni ó ń wí. Ọ̀kan tí kò tóbi jù ní nǹkan bí 70 mílígíráàmù fítámì C. Fítámì yìí ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ń bẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ mu ún mọ́ oúnjẹ, tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀. Tíì ni kí ẹ sún síwájú, nítorí ó máa ń dí èròjà irin lọ́nà. Ọsàn kò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín o. Ẹ má sì kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ ewé: ní ilẹ̀ tí òru rẹ̀ kì í tutù púpọ̀, ọsàn a máa pọ́n nínú kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dúdú bí ewé.

Ní ti ọmọ ọwọ́, ìfẹ́ ni ó ń mú kí ìyá àgbà sọ pé, "Ẹ fún un ní omi ọsàn díẹ̀." Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ kóró àti awọ rẹ̀, kí ẹ sì rún un kúná. Kóró àgbálùmọ̀ tóbi, ó sì ń yọ̀. Ó lè há ọmọdé lọ́fun. Ohun tí ń jẹ́ ọsàn inú ìgò, ẹ ka ara ìgò náà: omi, ṣúgà àti aró ni púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọmọ lára kí ẹ tún gbé e sí oòrùn. Àwọn méjèèjì a máa bó awọ ara bí iná.

Ó wá ku gírépù. Èso tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kì í bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan rẹ́, irú bíi nifedipine. A máa jẹ́ kí oògùn náà pọ̀ jù nínú ara, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì já wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ mú èso náà lọ́wọ́ lọ han ẹni tí ó kọ oògùn fún yín, nítorí bí ẹ bá kàn ní ọsàn ni ẹ ń mu, yóò ní kí ẹ máa mu ún lọ.