Ìrora Nígbà Ìbálòpọ̀: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Tó Wà fún Un

Ìrora tí obìnrin ń ní nígbà ìbálòpọ̀ jẹ́ àìsàn bí àìsàn yòókù. Kì í ṣe àmúmọ́ra obìnrin, kì í sì í ṣe àmì pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló sábà máa ń gbà yọjú. Ọ̀kan wà ní ẹnu ojú ara: á máa ta bí ẹni fi ata ra egbò, kódà bó jẹ́ pátá tó fún mọ́ra ló kàn án. Èkejì jìn sí ìsàlẹ̀ ikùn, ó sì lè dunni títí lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Ibi tó ti ń dunni ni dókítà fi ń mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Àkóràn lè fa ìrora ẹnu ojú ara. Gbígbẹ ojú ara náà ń fà á: nígbà tí obìnrin bá ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró pátápátá, èròjà ẹ́sítírójìn máa ń lọ sílẹ̀, awọ ibẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Àpá ibi tó ya nígbà ìbímọ lè máa dunni, bẹ́ẹ̀ náà ni àpá dídá abẹ́ fún ọmọbìnrin. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá ka dídá abẹ́ náà sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti dá abẹ́ fún ṣì ń fara gbá a.

Bí ìrora bá ti tó oṣù 3, tí àyẹ̀wò kò sì rí ìdí rẹ̀, vulvodynia ni àwọn dókítà ń pè é. Láti mọ̀ ọ́n, dókítà á fi òwú tí a wé mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ẹnu ojú ara jẹ́jẹ́, láti ibì kan dé ibòmíràn, obìnrin náà á sì máa sọ ibi tó dùn ún àti bó ṣe dùn ún tó. Ti vaginismus yàtọ̀: iṣan tó yí ojú ara ká ló ń fún pọ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbẹ̀rù ń mú iṣan fún, iṣan tó fún ń dá kún ìrora, ìrora náà sì tún ń bí ìbẹ̀rù.

Ní ti ìrora tó jìn sínú, ó lè jẹ́ ìju inú ilé ọmọ, tàbí àrùn ìbálòpọ̀ tí a kò tọ́jú tó ti gòkè dé ilé ọmọ. Ó sì lè jẹ́ endometriosis, níbi tí ẹran ara tó jọ ti inú ilé ọmọ ti ń hù síta rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí obìnrin kan nínú 10 tí ọjọ́ orí wọn tó bímọ ló ní in. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé bí nǹkan oṣù ṣe máa ń dunni nìyẹn.

Ohun tó fa ìrora ló ń pinnu ìtọ́jú. Wọ́n ń lo oògùn fún àkóràn, àti ìpara ẹ́sítírójìn fún gbígbẹ ojú ara. Fún vulvodynia, dókítà lè kọ ìpara lidocaine, tàbí amitriptyline díẹ̀ láti pẹ̀tù sí iṣan ìmọ̀lára. Ní ti vaginismus, onímọ̀ físíò ń kọ́ obìnrin bí yóò ṣe dẹ iṣan ojú ara rẹ̀: á fẹ̀yìn lélẹ̀, á ká orúnkún sókè, á fa èémí sínú jẹ́jẹ́ títí ikùn yóò fi ga, kó tó mí síta. Bó bá yá, á máa ki ọ̀pá róbótó tó ń dán bọ ojú ara, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù lọ. Sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn ń ran ẹni tí ìbẹ̀rù ti wọ̀ lára lọ́wọ́.

Nínú ilé, omi lásán tó fi fọ ìta ojú ara. Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ olóòórùn dídùn àti agbo tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ kí ó lè fún ń dá kún ìpalára ni. Èròjà tó ń mú ojú ara yọ̀, tí a fi omi ṣe, ń dín ìrora kù. Bí a bá lo òróró tàbí fásẹ́líìnì dípò rẹ̀, ó lè ba kọ́ńdọ̀mù jẹ́. Kí ọkọ dáwọ́ dúró níbi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí fífi ipá mú un mọ́ra ń kọ́ ara láti bẹ̀rù. Ìfẹnukonu àti ìfọwọ́ra náà jẹ́ ìfẹ́ títí ara yóò fi yá.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí obìnrin sọ fún dókítà ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó wà àti ohun tó ń mú un le. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tí omi tó ń rùn bá ń jáde, tàbí tí ibà bá ìrora náà rìn, kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ kó tó dé ilé ìwòsàn.