Ṣọ́ọ̀bù Ọdẹ Tí Kì í Tilẹ̀kùn

Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn òǹtajà a palẹ̀ ọjà wọn mọ́, wọn a sì tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà ní ìlú Freeport, ní ìpínlẹ̀ Maine ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. L.L.Bean ni orúkọ rẹ̀. Ohun èlò ọdẹ, ti apẹja àti ti àwọn tó ń pàgọ́ sínú igbó ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Bí o bá lọ síbẹ̀, bàtà ràgàjì kan ni wàá kọ́kọ́ rí níta. Ó ga ju àgbàlagbà méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì lọ. Kí ni bàtà ń wá níbẹ̀? Bàtà ló bí ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọ̀gbẹ́ni Leon Leonwood Bean fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe. Òtútù Maine kì í ṣe kékeré, ilẹ̀ igbó ibẹ̀ a sì máa rin. Bàtà awọ ń fa omi, bàtà rọ́bà sì wúwo. Kí ni Bean ṣe? Ó ní kí wọ́n rán awọ mọ́ orí ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà. Rọ́bà kò jẹ́ kí omi wọlé. Awọ sì mú kí òkè rẹ̀ fúyẹ́.

Ní ọdún 1912, ó ta 100 bàtà náà fún àwọn ọdẹ. Ó ṣèlérí pé bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun yóò dá owó wọn padà. Ó mà ṣe o! Ojú ìrán rẹ̀ ya. Nínú 100, wọ́n dá 90 padà. Ẹlòmíràn ì bá sá lọ. Bean dá owó wọn padà, ó yá owó, ó tún bàtà náà ṣe, ó sì tún ń tà á. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní.

Òru ni ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń kọjá ní Freeport, wọn a sì jí Bean lójú oorun kí ó lè tajà fún wọn. Ní 1951, ó kúkú ní kí ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n tì í láti ìgbà náà, irú bí ọjọ́ ìsìnkú Bean ní 1967 àti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020.

Bí o bá wọlé, wo àwọn aṣọ tí àwọ̀ wọn dà bí ọsàn tó pọ́n, tó ń tàn yòò. Òfin Maine ni pé ẹni tó bá ń fi ìbọn dọdẹ àgbọ̀nrín gbọ́dọ̀ wọ fìlà àti ẹ̀wù aláwọ̀ yìí, kí ọdẹ mìíràn má baà ṣèèṣì yìnbọn fún un. O lè rò pé àgbọ̀nrín náà yóò tètè rí i, kí ó sì sá. Rárá o. Lójú àgbọ̀nrín, àwọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ewéko.