Bí A Ṣe Ń La Ìtì Igi Ńlá Tí Ìjì Wó Sí Pákó Nínú Oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀ ni ìjì líle máa ń jà jù ní ilẹ̀ wa. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ìrókò tàbí arère tí àwọn baba wa dá sí láti ṣíji bo kòkó máa ń wó lulẹ̀. Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí oníṣòwò gẹdú yóò fi dé, tí yóò sì dá owó lé igi náà bí ó ti wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń wo kòkó rẹ̀ tí igi wó pa lè tètè gbà, kí ilẹ̀ oko sáà lè mọ́. Ìwé yìí ń fẹ́ fi yé yín pé pákó inú irú igi bẹ́ẹ̀ lè mú owó wá ju èyí tí a ó fi rà á nílẹ̀ lọ, bí a bá tètè là á, tí a là á bí ó ti yẹ, tí a sì ní sùúrù títí yóò fi gbẹ.

KÍ Ẹ TÓ FI AYÙN KAN IGI

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójútó igbó. Igi gẹdú tí ó wà lórí ilẹ̀ ẹni pàápàá lè nílò ìwé àṣẹ kí a tó là á tàbí kí a tó gbé pákó rẹ̀ gba ojú títì. Òfin ìpínlẹ̀ kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì, pàápàá lórí fífi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la igi.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣọ́ra fún ewu. Bí a bá gé ìtì kúrò lára gbòǹgbò tí ìjì fà tu, gbòǹgbò náà pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ lè padà ṣubú sínú kòtò lójijì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sínú kòtò náà, kí a sì lé àwọn ọmọdé jìnnà. Ẹ wo ibi tí ìtì ti tẹ̀: apá tí ó fún pọ̀ ni kí a kọ́kọ́ gé díẹ̀, kí a tó parí rẹ̀ láti apá tí ó nà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: Igi gáńgáńrán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá.

Ẹ yẹ ara igi wò pẹ̀lú fún ìṣó àti wáyà àtijọ́, nítorí irin kan ṣoṣo tó láti ba eyín ayùn jẹ́.

Ẹ TÈTÈ LÀ Á

Arère kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá wó, kòkòrò yóò ti lu ú, àbàwọ́n tí ó dà bí aró yóò sì ti wọ inú rẹ̀. Inú ìrókò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ara funfun tí ó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ a máa jẹrà.

Bí ẹ̀rọ kò bá tíì dé, ẹ fi ìda yíyọ́ tàbí ọ̀dà kun ojú méjèèjì tí a ti gé ìtì ní ọjọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni omi ti ń jáde kánkán jù, ibẹ̀ náà sì ni igi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ẹ̀RỌ WO NI KÍ A LÒ?

Nígbà àtijọ́, ènìyàn méjì ni ó ń fa ayùn gígùn, ọ̀kan lókè ìtì, èkejì nínú kòtò ìsàlẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ìlagi alágbèéká lè lọ bá igi níbi tí ó wó sí. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí a de férémù irin mọ́, tí a lè fi ọwọ́ gbé wọ inú oko. Èkejì ni ẹ̀rọ tí ó ń rìn lórí irin gbọọrọ méjì, tí abẹ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí bẹ́líìtì.

Iye igi tí wọ́n ń sọ di ìyẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì máa ń jẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì ní ojú ìlà kọ̀ọ̀kan. Abẹ bẹ́líìtì máa ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì. Ẹ jẹ́ kí a mú ìtì kan tí ó ku íǹṣì 28 lẹ́yìn tí a ti la ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Bí a bá fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì là á sí pákó íǹṣì 1, pákó 20 ni a ó rí, ohun tí ó ju íǹṣì 7 lọ yóò sì di ìyẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abẹ bẹ́líìtì, pákó 25 ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì là á sí pákó nínípọn íǹṣì 3, pákó 8 ni a ó rí, ìyẹ̀ kò sì ní tó íǹṣì 3. Nítorí náà, ẹ fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la pákó nínípọn fún ojú tábìlì àti àga gígùn. Ẹ fi ẹ̀rọ abẹ bẹ́líìtì la pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

BÍ A TI Ń LÀ Á

1. Ẹ gbé ìtì lé orí igi méjì, kí ó dúró gbọn-in. Ẹ kan àkàbà títọ́ tàbí pákó tí kò wọ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí férémù lè tẹ̀lé e nígbà ìlà kìíní. Kí ìṣó rẹ̀ má ṣe gùn dé ibi tí ayùn yóò gbà. Bí ìlà kìíní bá wọ́, gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e yóò wọ́.

2. Bí a ti ń pọ́n ayùn tí a fi ń gé igi lábùú kọ́ ni a ń pọ́n èyí tí a fi ń là á lóòró. Dígírì 30 ni ti ìgé. Ẹ pọ́n ti ìlà sí nǹkan bí dígírì 10. Ìrókò mìíràn a máa ní òkúta nínú, nítorí náà ẹ mú fáìlì dání.

3. Bí ayùn ti ń wọlé, ẹ máa fi igi tín-ín-rín há ojú ìlà, kí pákó má baà fún ayùn mọ́.

4. Pákó tí àárín gbùngbùn igi bá wà nínú rẹ̀ yóò sán. Ẹ là á sọ́tọ̀ fún òpó.

5. Ẹ bo imú, ojú àti etí yín. Ìyẹ̀ ìrókò a máa fa ìnira èémí àti ara yíyún fún àwọn mìíràn.

BÍ A TI Ń MÚ PÁKÓ GBẸ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù nìyí. Ẹ má ṣe sá pákó tútù sí oòrùn, nítorí ojú rẹ̀ yóò gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, yóò sì sán. Ẹ tò ó sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ kúrò nílẹ̀. Láàárín pákó kan àti èkejì, ẹ fi ọ̀pá gbígbẹ oníǹṣì 1 sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ síra wọn, kí àwọn ọ̀pá náà sì wà ní ọ̀kánkán ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí wọn kò bá ṣe ọ̀kánkán, pákó yóò tẹ̀. Ẹ gbé ohun wúwo lé orí rẹ̀.

Pákó oníǹṣì 3 lè gbà ju ọdún kan lọ kí ó tó gbẹ. Láti mọ̀, ẹ fi pákó kékeré kan tí ó nípọn bákan náà sí àárín òkìtì, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ní oṣooṣù. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́, a lè ta á fún káfíńtà láìbẹ̀rù pé tábìlì tí ó bá fi ṣe yóò lọ́.

IṢẸ́ ẸGBẸ́

Àgbẹ̀ kan ṣoṣo kò nílò láti ra ẹ̀rọ tí yóò máa jókòó lásán láàárín ìjì kan àti òmíràn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rà á tàbí kí ó háyà rẹ̀, kí olúkúlùkù sì san owó iye pákó tí a bá là fún un. Ẹ fi ọ̀dà kọ orúkọ olóko, irú igi àti ọjọ́ tí a là á sí ìdí pákó kọ̀ọ̀kan, kí ìjà má baà wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ títà.

Kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí igi tí ó wó, ẹ fi téèpù wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí ẹ sì ṣírò iye pákó tí ó wà nínú rẹ̀.