Ọ̀rọ̀ Lórí Gbígbin Àjàrà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, àwọn kan nínú yín ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá wọn lówó láti fi gbin àjàrà. A kò ní kí ẹ má gbìn ín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀ka rẹ̀ ni à ń gé gbìn, bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́. Ó ń fẹ́ òpó àti wáyà tí yóò fà lé. Ní ilẹ̀ Faransé, òtútù ní í mú un wọ́wé, kí ó sinmi, kí ó tó tún rúwé. Níhìn-ín, ọ̀bẹ ni òtútù rẹ̀. Orí ọ̀mùnú tuntun ni ó ń so sí. Ẹni tí kò bá gé e, ewé ni yóò máa kà. Bí a bá gé e, ó tó nǹkan bí oṣù 4 kí èso tó pọ́n. Ẹ gé e ní Nòfẹ́ńbà, kí ó lè pọ́n ní Máàṣì. Bí òjò Júùnù bá ká a mọ́, nǹkan funfun yóò bo abẹ́ ewé, èso yóò sì jẹrà.

Ó ń tó ọdún 2 sí 3 kí ó tó so dáadáa. Owó ẹgbẹ́ kò lè dúró dè é, oṣooṣù ni à ń san án. A ti jókòó ti irú ẹjọ́ yìí rí lórí ọsàn, àwọn onídùúró ló san gbèsè. Ẹ fi owó ara yín gbin ìdí 2 wò ná.