Ta Ni Ó Ń Wo Ọmọ? Ọ̀rọ̀ Nípa Ọmọdé àti Omi

Níbi ìsọmọlórúkọ ni a ti ń fi omi tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu, tí a sì ń wúre fún un pé omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi kan náà yìí, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ìparí ọdún 2024, ni ó gbẹ̀mí nǹkan bí 300,000 ènìyàn ní ọdún 2021, tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nínú mẹ́rin-mẹ́rin wọn, ọ̀kan jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Ikú yìí kì í pariwo. Ọmọ ọdún kan tàbí méjì, tí orí rẹ̀ ṣì wúwo ní ìfiwéra pẹ̀lú ara rẹ̀ yòókù, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti wo ìsàlẹ̀ báàkẹ́ẹ̀tì, tí ó sì dorí kodò sínú rẹ̀, apá rẹ̀ kò ní agbára láti ti ara náà padà sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ké, nítorí omi ti dí i ní imú àti ẹnu. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré láìsí èémí, ọpọlọ a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Àmàlà tí ìyá ń rò lórí iná lè má tíì jinná.

Àwọn ará Bangladesh mọ oró yìí. Ilẹ̀ olódò ni ilẹ̀ wọn, níbi tí odò Ganges àti Brahmaputra ti ń ya wọ òkun, tí ọ̀gọ̀dọ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé lábúlé fún ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀ àti ẹja sísìn. Àwọn tí wọ́n tọ ìdí ọ̀rọ̀ náà rí i pé láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni omi ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, nígbà tí baba ti lọ sí ẹnu iṣẹ́, tí àwọn ẹ̀gbọ́n wà ní ilé ìwé, tí ìyá nìkan sì ń dáná, tí ó ń fọ abọ́, tí ó ń gbálẹ̀. Èmi kò bá àwọn tí ń yára dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́bi lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ó dí, kì í ṣe pé ìfẹ́ ọmọ ni kò sí lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tí wọ́n wá ṣe kò ná owó rẹpẹtẹ. Wọ́n dá jẹ́lé-ó-sinmi kéékèèké sílẹ̀ ní àwọn abúlé, èyí tí wọ́n ń pè ní anchal, níbi tí obìnrin abúlé kan tí a ti kọ́ níṣẹ́ ń kó àwọn ọmọ jọ sínú yàrá kan ní àwọn wákàtí ewu náà gan-an, tí ó ń bá wọn kọrin, tí ó ń bá wọn ṣeré, títí iṣẹ́ òwúrọ̀ àwọn ìyá wọn yóò fi parí. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, ikú omi láàárín àwọn ọmọ tí ń lọ síbẹ̀ fi ohun tí ó lé ní 80 nínú 100 dín kù. Àwọn tí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i ni wọ́n ń kọ́ ní ìwẹ̀ odò. Bangladesh yìí náà, pẹ̀lú Ireland, ni ó ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fi ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ ní ọdún 2021 fún dídènà ikú omi.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbo ilé kan ní ọjọ́ ìnáwó, tí àgbà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: ìyá ọmọ rò pé ìyá ọkọ òun ni ó ń wo ọmọ, ìyá ọkọ rò pé ẹ̀gbọ́n ọmọ ni, ẹ̀gbọ́n ti gbá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ sí ìta, àgbá tí a gbé sábẹ́ ọ̀sọ́rọ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú láìní ọmọrí. Ojú pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a fi ọmọ lé lọ́wọ́ nínú wọn.

Bí a bá sì yọ ọmọ nínú omi tí kò mí mọ́, kí a má ṣe gbé e lẹ́sẹ̀ sókè, kí a má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn, nítorí àkókò ni èyí ń fi ṣòfò. Kí a tẹ́ ẹ ní ẹ̀yìn, kí a gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kí a kọ́kọ́ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí a tó máa tẹ àyà rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì sáré pe ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ da omi tí ẹ ti lò tán nù, ẹ dé kànga, ẹ dé àgbá. Bí ọwọ́ yín bá sì fẹ́ dí, ẹ pe ẹnìkan ní orúkọ pé òun ni yóò máa wo ọmọ, kí olúwarẹ̀ sì dáhùn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.